Òjò Ń Rọ̀ Sínú Yàrá Àgbà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ìrànwọ́ Àtúnṣe Ilé fún Àwọn Àgbàlagbà Onílé l'Ékòó

Abọ́ mẹ́rin ló ti wà lójú kan láti ọdún kẹta wá nínú yàrá òkè tí ìyá àgbà mi ń gbé ní Lafíàjì. Garawa ọ̀dà kan wà lẹ́nu àtẹ̀gùn, agbada kan wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, abọ́ ike méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó kọjú sí títì. Bí òjò bá dé lóru, ìyá kì í tan iná. Etí ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Tí omi bá ń dún kọ́n-kọ́n nínú garawa, wọ́n á yíjú sí ògiri, wọ́n á máa bá oorun wọn lọ. Bó bá ti di kúbú-kúbú, wọ́n á dìde lọ dà á nù. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wọ́n. Ìyá onílé ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n.

Láti ìgbà tí mo ti ń gbé lẹ́tà kiri nítorí wọn ni àwọn èèyàn ti ń pè mí láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, láti Mushin, láti Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìbéèrè wọn jọra. Mo kó ìdáhùn jọ síbí kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ fún àgbà tirẹ̀ lè rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣebí onílé ni wọ́n? Kí ni wọ́n tún ń wá ìrànwọ́ fún?

Ìbéèrè yìí ló ń dùn mí jù, torí òun ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wa níbi gbogbo tí a bá dé. L'Ékòó, bí ẹni tó ní ilé bá ní ebi ń pa òun, wọ́n á ní irọ́ ló ń pa. Ẹ wo bí ilé náà ṣe dé ọwọ́ wọn ná. Bàbá wọn ló kọ́ ọ, tàbí bàbá bàbá wọn. Owó ńlá ni ilẹ̀ ibẹ̀ bí wọ́n bá tà á, àmọ́ ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ kò lè fi ògiri ra gààrí. Ogójì ọdún ni ìyá àgbà mi fi ta aṣọ ní Ọjà Balógun. Oníṣòwò kì í gba owó ìfẹ̀yìntì. Yàrá mẹ́ta tí wọ́n fi háyà, ẹni tó wà nínú ọ̀kan ti pé ọdún méjìdínlógún níbẹ̀, ojú sì ń ti ìyá láti fi owó kún un lórí, torí wọ́n mọ̀ pé àwọn ò tún nǹkan kan ṣe fún un.

Ní 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù kò gbọdọ̀ wá sílẹ̀ ju ₦85,000 lọ. Mo mọ ọ̀pọ̀ ìyá onílé tí owó tó ń wọlé fún wọn láti ara ilé náà kò dé ìdajì iye yìí. Àwọn là ń sọ̀rọ̀ wọn: ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó ń gbé ilé ara rẹ̀ tàbí ilé ẹbí, tí ohun tó ń wọlé fún un ń tán sórí oúnjẹ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Àwọn ọmọ wọn ńkọ́?

Àwọn ọmọ ń gbìyànjú. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú, tó ń san owó ilé tirẹ̀, tó ń san owó iléèwé ọmọ, ibo ni yóò ti rí owó páànù àti igi fún òrùlé odidi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan? Ọ̀rọ̀ mìíràn sì wà tí a kì í fẹ́ sọ síta. Ilé ẹbí ni púpọ̀ nínú àwọn ilé yìí. Ọmọ tó bá fi owó tún un ṣe, àwọn yòókù á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ó fẹ́ gbà á. Òun náà sì mọ̀ pé lábẹ́ àṣà ilẹ̀ wa, ẹni tó tún ilé ẹbí ṣe kò sọ ọ́ di tara rẹ̀. Gbogbo wọn á wá ká ọwọ́ gbera, òjò á sì máa rọ̀ lé ìyá wọn lórí. Mi ò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ìdílé tèmi náà ni mò ń sọ.

Bó bá jẹ́ ilé ẹbí, ta ló lè fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tún un ṣe?

Olórí ẹbí, pẹ̀lú àwọn àgbà ìdílé tó kù. Bí olórí ẹbí bá jẹ́ obìnrin, kò burú. Láti 1908 ni ilé ẹjọ́ l'Ékòó ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole pé bí dáwódù (àkọ́bí ọkùnrin tó jẹ́ olórí ẹbí) bá ti kú, ọmọ tó dàgbà jù nínú àwọn tó kù ló kàn láti jẹ́ olórí, ì báà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ìyá tí àbúrò wọn ọkùnrin ń fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ẹ pe ìpàdé ẹbí, ẹ kọ ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí sílẹ̀, kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ buwọ́ lù ú. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé àtúnṣe ni, pé kò yí ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni padà. Ojú ìwé kan tó. Bí ìjà bá ti wọ̀ ọ́, ẹ lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀. Wọn kì í gba owó láti parí aáwọ̀.

Iṣẹ́ wo ló yẹ kó ṣáájú?

Omi. Ohunkóhun tó bá ń mú omi wọ ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ dá dúró: òrùlé, gọ́tà etí òrùlé, páìpù tó ń jò nínú ògiri. Mo ti rí ibi tí ẹbí ti dáwó jọ ra ọ̀dà nítorí ìgbéyàwó, tí òrùlé sì ń jò. Ọ̀dà náà kò pé oṣù mẹ́fà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí omi ń ṣe, torí mo rí i pé ohun tó ń yí ọkàn àwọn tó wà nípò padà nìyí. Inú kọnkéré ni irin tó gbé òpó àti dẹ́kìn dúró wà. Bí kọnkéré bá dára, irin náà á wà ní pípamọ́. Àmọ́ ọ̀sà ló yí Erékùṣù Èkó ká, iyọ̀ wà nínú omi rẹ̀ àti nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀, yanrìn tí àwọn kan sì fi kọ́lé láyé ọjọ́un, wọn ò fọ iyọ̀ kúrò lára rẹ̀. Bí omi àti iyọ̀ bá ti dé ara irin, irin á dógùn-ún. Irin tó bá dógùn-ún ń wú. Wíwú rẹ̀ ló ń fọ́ kọnkéré láti inú wá. Nínú ilé ìyá àgbà mi, lábẹ́ àtẹ̀gùn, mo fi ìka kan òpó kan, gbogbo ìpele òde rẹ̀ sì ṣí kúrò bí èèpo iṣu sísè. Irin tó wà nínú rẹ̀ ti tín-ín-rín ju ìka ọmọdé lọ. Ìlà kékeré bí irun orí ló fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí a rò pé ọ̀dà ló ń sán. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀.

Ilé àwọn Àgùdà (àwọn tó padà wá láti Brazil) àti àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́ yàtọ̀. Amọ̀ àti bíríkì ni wọ́n fi kọ́ púpọ̀ nínú wọn. Ògiri bẹ́ẹ̀ ní láti mí. Bí bíríkìlà bá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ pa, omi tó ti wà nínú rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde, ògiri á máa rọ̀ láti inú nígbà tí ojú rẹ̀ ń dán. Ẹ wá oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ àtijọ́, bó tilẹ̀ ṣòro láti rí.

Lẹ́yìn omi ló kan wáyà iná tó ti gbó, lẹ́yìn náà àtẹ̀gùn àti ibi ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ má fojú kékeré wo irin ìdìmú lára àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ni ìyá àgbà mi ń sọ̀ lóru kí wọ́n tó dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé, ọwọ́ kan lára ògiri, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kejì. Àgbà tó bá já bọ́ níbẹ̀ tó fi kán egungun ìbàdí, ó lè má dìde mọ́.

Bí a bá sọ fún ìjọba pé ilé ń jò, ṣé wọn ò ní wá fi ọ̀dà pupa kọ X sí i?

Ìbẹ̀rù yìí ní ìpìlẹ̀, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà rántí 1955, nígbà tí Lagos Executive Development Board bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàárín ìgboro Èkó, tí wọ́n ní àwọn ń tún ìlú ṣe, tí wọ́n sì kó àwọn èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ọ̀pọ̀ ló bọ́ sí ibi tó jìnnà sí ọjà àti ẹbí wọn. Ìyá àgbà mi jẹ́ ọmọdé nígbà náà. Títí di òní, bí ẹni tó wọ kóòtù tó mú fáìlì dání bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní kí a sọ pé àwọn ò sí nílé.

Ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ilé kíkọ́ àti ilé tó ti di ewu ni LASBCA. Òun ló lè ti ilé pa, òun ló lè ní kí wọ́n wó o. Iṣẹ́ tó pọn dandan ni. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta 2019, ilé kan tí iléèwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì, àwọn ọmọdé sì kú. Kò sí ẹni tó rí ọjọ́ yẹn tó lè ní kí wọ́n fi ilé tó fẹ́ wó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìrànwọ́ dé kí ọ̀dà pupa tó dé. Ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò lónìí ni ilé tí òpó rẹ̀ máa jẹrà lọ́la. Owó tí wọn yóò fi gbé katapílà wá wó o, tí wọn yóò fi kó àwókù, tí wọn yóò fi wá ibi tí àgbà náà máa sùn sí, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó páànù.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má dá lọ. Ẹ jẹ́ kí àdúgbò lọ pọ̀, kí orúkọ ilé púpọ̀ wà nínú ìwé kan. Bí ẹ bá sì rí i pé òpó tàbí dẹ́kìn ti ń tẹ̀, ẹ gbé àgbà jáde kúrò nínú yàrá yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan. Lórí ìyẹn, mi ò gba àríyànjiyàn.

Ṣé owó ìjọba kankan wà tí a lè gbà nísinsìnyí?

Ohun mẹ́ta ni mo máa ń ní kí àwọn èèyàn wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí èyí tó jẹ́ owó ọ̀fẹ́ fún àtúnṣe.

Bí àgbà náà bá ṣiṣẹ́ oṣù rí, ẹ wo ìwé owó oṣù rẹ̀ àtijọ́ bóyá wọ́n ń yọ 2.5% fún National Housing Fund, àpò owó ilé gbígbé ti ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó bá ti fẹ̀yìn tì ní ẹ̀tọ́ láti gba owó yẹn padà, pẹ̀lú èlé díẹ̀ lórí rẹ̀, lọ́wọ́ Federal Mortgage Bank of Nigeria. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ rárá. Ilé ìfowópamọ́ yìí kan náà ní ẹ̀yáwó fún àtúnṣe ilé, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dá owó sí àpò náà ló wà fún, nítorí náà kò kan ìyá tó ń ta obì.

Èkejì ni Land Use Charge, owó tí ìpínlẹ̀ ń gbà lórí ilé àti ilẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó yọ ilé tí òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì fúnra rẹ̀ ń gbé kúrò nínú rẹ̀. Bí ìwé owó náà bá ṣì ń wá, ẹ gbé ẹ̀rí ìfẹ̀yìntì àti ẹ̀rí ọjọ́ orí lọ kí wọ́n yọ ọ́. Owó tí ẹ bá rí fi pa mọ́ níbẹ̀, páànù ni.

Ẹ̀kẹta ni káńsù yín, a ó dé ibẹ̀.

Ṣé òfin sọ pé a ní ẹ̀tọ́ sí i?

Òfin orílẹ̀-èdè 1999, abala 16(2)(d), sọ pé kí ìjọba darí ètò rẹ̀ kí ibùgbé tó yẹ àti ìtọ́jú ọjọ́ ogbó lè wà fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè. Agbẹjọ́rò á sọ fún yín, òótọ́ ló sì máa sọ, pé abala 6(6)(c) kò jẹ́ kí ẹ lè fi èyí pe ìjọba lẹ́jọ́. Síbẹ̀, ẹ máa kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Òfin tí wọ́n fi búra ni. Orílẹ̀-èdè yìí tún ti dá National Senior Citizens Centre sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ àgbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba.

Níbo ni wọ́n ti ń ṣe é tó ṣeé fi ṣe àpẹẹrẹ?

Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn wọn, USDA, ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Section 504 fún àwọn tó ń gbé ìgbèríko. Onílé tó ti pé ọdún 62 tí owó tó ń wọlé fún un kéré gan-an lè gba owó ọ̀fẹ́ tó tó $10,000 láti mú ewu kúrò nínú ilé rẹ̀. Bó bá ta ilé náà kí ọdún mẹ́ta tó pé, á dá owó padà. Mo fẹ́ràn àdéhùn yẹn púpọ̀, torí ó dáhùn ohun tí àwọn aṣòfin wa máa ń béèrè: bí a bá tún un ṣe tán tí àwọn ọmọ bá tà á ńkọ́? Ní Japan, owó ìtọ́jú àgbà tí gbogbo ìlú jọ ń dá ń san lára iṣẹ́ bí irin ìdìmú àti ilẹ̀ tí kò yọ̀, títí dé ¥200,000.

Kí gan-an là ń béèrè l'Ékòó?

Kí káńsù kọ̀ọ̀kan ya owó kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún òrùlé, àtẹ̀gùn, wáyà àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn onílé tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọn kò ní agbára. Kí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ kọnkéré wò, Lagos State Materials Testing Laboratory, máa yẹ ilé wọn wò lọ́fẹ̀ẹ́. Kí bíríkìlà, káfíńtà àti oníṣẹ́ iná tó bá máa ṣe é jẹ́ ti wọ́ọ̀dù yẹn, torí ọmọ àdúgbò kò ní lè ṣe jìbìtì kó tún máa kọjá níwájú ilé náà lójoojúmọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ìrànwọ́ yìí gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbà.

Ta ni ká kọ̀wé sí, ìgbà wo sì ni?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò yín. Lẹ́yìn náà kánsẹ́lọ̀, alága káńsù, àti aṣòfin yín nínú àwọn 40 tó wà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó. Káńsù 57 ló wà ní ìpínlẹ̀ yìí, ìjọba ìbílẹ̀ 20 àti LCDA (káńsù tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ dá kún un) 37, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ẹ mọ èyí tó ni òpópónà yín. Erékùṣù nìkan ní Lagos Island àti Lagos Island East. Mo fi lẹ́tà àkọ́kọ́ ṣòfò lórí èyí.

Ìgbà ṣe pàtàkì ju gígùn lẹ́tà lọ. Ẹ jẹ́ kó dé ọwọ́ wọn láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, kí ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀ tó dé iwájú àwọn aṣòfin. Bí ẹ bá mú un lọ ní oṣù kejìlá, wọ́n á fi ẹ̀rín gbà á, owó sì ti pín tán.

Ẹ lọ ka ilé ní òpópónà yín. Ẹ ya àwòrán lẹ́yìn òjò, nígbà tí omi ṣì ń kán. Lẹ́tà tí a kọ kẹ́yìn rèé, ẹ yí i padà bó ṣe bá tiyín mu:

"Sí Alága Káńsù. Àwa olùgbé òpópónà yìí kí yín o. Ilé mọ́kànlá ló wà níbí tí ẹni tó ni ún ti lé ní ọgọ́ta ọdún tó sì ń gbé inú rẹ̀. Méje ń jò. Mẹ́ta, irin òpó rẹ̀ ti yọ síta. Nínú méjì, ìyá àgbà ló ń dá gbé òkè, àtẹ̀gùn kò sì ní ìdìmú. A bẹ̀ yín kí ẹ fi àtúnṣe wọn sínú ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀. Káfíńtà méjì àti bíríkìlà kan ní àdúgbò ti ní àwọn á gba ìdajì owó iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá wò ó lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀."

Ẹ mú ẹ̀dà kejì dání kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú fún yín. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, ẹ ò kọ ọ́ nìyẹn.

Bí wọn ò bá dáhùn?

Ẹ fi òfin Freedom of Information ti 2011 béèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ àgbà àti ilé. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì ti sọ ní 2025 pé òfin náà de ìjọba ìpínlẹ̀.

Dẹfẹ́lọ́pà kan ní òun máa wó o, òun á kọ́ tuntun, òun á fún Màmá ní fúláàtì méjì. Ṣé kí wọ́n gbà?

Kí wọ́n má buwọ́ lu nǹkan kan lọ́jọ́ tí ó mú ìwé wá. Àdéhùn kan lè dára. Ṣùgbọ́n àgbà tí òjò ń pa ni wọ́n máa ń lọ bá, nígbà òjò gan-an. Ẹ béèrè: ọdún mélòó ni yóò fi máa gba owó ilé? Ibo ni Màmá máa gbé títí wọ́n á fi kọ́ ọ tán, ta ló sì máa san án? Bó bá pa iṣẹ́ tì ní ìdajì ńkọ́? Ilé alájà mélòó ni ìwé àṣẹ gbà á láyè? Office of the Public Defender ti ìpínlẹ̀ Èkó ní agbẹjọ́rò tí kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní. Ẹ gbé ìwé náà lọ síbẹ̀ kó tó di pé ẹ mú bírò.

Ilé wa jẹ́ ilé Àgùdà. Ṣé ìjọba ò ní tún un ṣe torí pé ó jẹ́ ohun ìtàn?

Ẹ má gbójú lé e. Ilé Ìlójò tó wà ní Tinúbú, 1956 ni wọ́n ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o. Òfin dá orúkọ mọ̀, orúkọ kò sì dí òrùlé. Síbẹ̀, bí ilé yín bá ní ìtàn, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ẹ fi àwòrán fèrèsé àti igi gbígbẹ́ rẹ̀ sí i.

Kí la lè ṣe fúnra wa kí ìrànwọ́ tó dé?

Ẹ kó ìdọ̀tí inú gọ́tà òrùlé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé tánkì omi tàbí yàrá tuntun lé orí ilé àtijọ́. Bí òrùlé bá jẹ́ asbẹ́sítọ́ọ̀sì, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ, torí eruku yẹn ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì àgbà wá sí ìsàlẹ̀ bí àyè bá wà.

Ṣé ẹ̀yin alára ti rí nǹkan kan gbà?

Díẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé ẹbí, àwọn ayálégbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá owó, ọmọ ìyá kan fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun, CDA bá wa sọ̀rọ̀ fún káfíńtà. Páànù mọ́kàndínlógún ni wọ́n pààrọ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan. Lóru ọjọ́ tí òjò rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ìyá àgbà mi kò sùn. Wọ́n ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ṣàjèjì sí etí wọn. Abọ́ kan ṣoṣo ló kù, agbada tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Òpó abẹ́ àtẹ̀gùn ṣì wà bó ṣe wà, ó ju agbára wa lọ, òun sì ni lẹ́tà tí a ń mú lọ lọ́jọ́ Ajé dá lé lórí.